Ilé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay Àtijọ́: Ìtàn àti Ìlò Rẹ̀

Ní Cline Town, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Freetown ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró, ni ògiri ilé olókùúta pupa kan wà. Ilé yìí ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ń lò tẹ́lẹ̀ rí. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pìtàn kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀ láìmẹ́nu ba kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

Ní 1827 ni àwọn C.M.S. dá a sílẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣọgùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ó sì padà wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ilé olókùúta yìí kò tíì sí. Gómìnà William Fergusson ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1845. Wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1848. Ìtàn fi yéni pé òpó ìgbòkun ọkọ̀ àwọn akónilẹ́rú tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú igi òrùlé rẹ̀. Igi tí ó ń gbé ènìyàn lọ sóko ẹrú wá di ìbòrí fún àwọn tí ń kàwé.

Lábẹ́ òrùlé yìí ni James Johnson, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, ti kẹ́kọ̀ọ́. Obadiah Johnson, tí ó ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel kọ, èyí tí ó jáde ní 1921, jẹ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pẹ̀lú. Láti 1876, àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Durham mú kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba oyè níbẹ̀ láìrékọjá òkun.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó yí ìlò ilé náà padà. Àwọn ológun gbà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kó lọ sí Mabang, lẹ́yìn ogun ni ó tẹ̀dó sórí òkè Aureol. Ilé náà di ọ́fíìsì àgbà rélùwéè, lẹ́yìn náà ni ó di kóòtù májísíréètì títí di 1990, tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 1999, iná jó inú rẹ̀ run.

Láti 1955 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìkéde kò dá iná dúró. Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti adájọ́ ni ó mú kí ilé náà máa jẹ́ ilé. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ilé pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀.