Owó ẹyọ: owó tí kì í bímọ nílé wa

Ẹ gbọ́ ná. Owó ẹyọ tí ẹ ń rí lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà l'ọ́jà Ìkàrẹ́, tí ẹ tún ń so mọ́ irun lọ síbi ìgbéyàwó, ẹranko ni o. Ìbátan ìgbín ni, inú òkun ló ń gbé.

Èmi náà ò mọ̀. Ìyá àgbà mi l'Ọ̀kà ní díẹ̀ nínú igbá kan, mo máa ń fi ṣeré. Mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á.

Ìgbín kan ṣoṣo ní nǹkan akọ àti ti abo pọ̀ lára. Owó ẹyọ ò rí bẹ́ẹ̀: akọ wà, abo wà. Bí abo bá yé ẹyin sábẹ́ òkúta, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bò wọ́n, á sàba lé wọn bí adìẹ títí wọ́n á fi pa.

Nínú òkun yìnyín Antarctica, àwọn oníkarahun méjì kan tiẹ̀ ń tọ́ ọmọ sínú ìkarahun ara wọn ni. Ọmọ owó ẹyọ ní tiẹ̀ máa ń bá omi lọ jìnnà. Síbẹ̀ kò dé Èkó rí. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni agbára owó náà wà. Kò sẹ́ni tó lè ti ọwọ́ bọ ọ̀sà kó fi kó owó jáde. Láti erékùṣù Maldives ni ọkọ̀ Òyìnbó ti ń kó o bọ̀, wọ́n sì fi ra èèyàn lọ́wọ́ wa.

Ogójì là ń sín sókùn kan. Àádọ́ta okùn, ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá, àpò kan, ìyẹn ọ̀kẹ́ (20,000). Ẹ̀yin tí ẹ ń pe mílíọ̀nù ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ lẹ ń kà yẹn!

Ní 1845, oníṣòwò Jámánì kan tó ń jẹ́ Hertz bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tó ní òrùka lẹ́yìn. Ó pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, pọ́ọ́kú lowó rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Owó ẹyọ bá kún ìgboro, ohun tí àpò kan ń rà tẹ́lẹ̀, kò rà á mọ́. Ẹni tó ti kó tiẹ̀ pamọ́ de ìdána ọmọ ńkọ́? Ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó o wọlé. Kọ́bọ̀ onírin ló kù.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀kà, mo da igbá yẹn sílẹ̀, mo yí wọn wò. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ti lu, ojú okùn ni. Wọ́n ti ná an rí. Ẹ yẹ ti ìyá àgbà tiyín náà wò.