Ta Ló Ni Ajá Yìí? Ìtàn Àmì Ọrùn, Láti Ṣaworo Ọdẹ Dé QR Code

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á lórí fóònù nínú danfo, ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní ajá kan. Nígbà tí mo rà á, Bruno ni mo fẹ́ máa pè é. Mo pe bàbá ìyá mi lórí fóònù, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Kí ni Bruno? Ajá Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ tí kò sọ nǹkan kan." Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Láyé àtijọ́, tí aládùúgbò bá ń wá ìjà, tí èèyàn ò sì fẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀, á ra ajá, á fi òwe sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń pe ajá rẹ̀ láti wá jẹun, aládùúgbò ti gbọ́ èsì nìyẹn. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn o, a ṣì máa padà sí i.

Ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ ní Ìṣẹrì Olówóra níbí. Àrá sán, ẹnì kan ti gbàgbé láti ti géètì, Tanímọ̀la sì fò jáde. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ wa sí Berger kò jìnnà rárá, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló sì wà níbẹ̀ yẹn. Mo rìn kiri títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń pariwo "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!" bí oníwàásù orí títì. Mi ò rí i.

Ohun kan ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Mo ti ra àmì ọrùn fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì: irin róbótó kan tí kò ju kọ́ínì lọ, tí wọ́n tẹ QR code sí. Mo fi fọ́tò ajá náà ránṣẹ́, mo kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà mi, àti ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ajá náà, tó sì fi fóònù sikán irin yẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa rí. Mo bá jókòó ti fóònù mi. Sátidé kọjá, Sunday kọjá. Kò sẹ́ni tó pè.

Òru Sunday yẹn ni ìbéèrè kan dé sí mi lọ́kàn: kí ni àmì tí a ń fi sọ́rùn ẹran tiẹ̀ wà fún gan-an? Ìdí nìyí tí mo fi lọ wo ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Oríṣiríṣi Ìṣẹrì ló wà lágbègbè yìí, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn Àwórì kan Ìṣẹrì tó wà létí odò Ògùn. Àwọn àgbà sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnfúnmiiníre ló ṣí kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ wá síbẹ̀. Ifá ní kó gbé àwo lé ojú omi, kó máa tẹ̀ lé e, ibi tí àwo náà bá rì sí ni kó dó sí. Ìṣẹrì ni àwo náà rì sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé orúkọ Àwórì ti wá. Ọdẹ ni bàbá yìí, ọdẹ ò sì gbọdọ̀ má lájá.

Ajá ọdẹ ní àmì tirẹ̀. Ṣaworo ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn, kí ọdẹ lè gbọ́ ibi tó wà nínú igbó, kó má baà yìnbọn lu ajá rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe. Ọdẹ náà ní fèrè. Ajá ń dún, ọdẹ ń fun fèrè, àwọn méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ kíyè sí i pé ṣaworo yẹn kò sọ pé "tèmi ni ajá yìí." Ohun tó ń sọ ni pé "ibi tí mo wà nìyí."

Nínú agboolé ńkọ́? Adìyẹ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jẹ̀ pọ̀, nítorí náà ìyá kan á so àkísà pupa mọ́ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀, èkejì á so dúdú. Wọ́n máa ń gé etí ewúrẹ́ díẹ̀ láti fi dá a mọ̀. Alágbàfọ̀ máa ń fi àmì kékeré sínú kọ́là aṣọ, kí aṣọ yín má baà di ti oníbàárà mìíràn. Tí Iléyá bá sì ń bọ̀, ẹ lọ sí ọjà Kara tó wà nítòsí wa létí odò Ògùn, ẹ máa rí àgbò tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn lára. Ẹni tó kùn ún mọ tirẹ̀. Àmì onílé nìwọ̀nyí. "Tèmi ni" ni gbogbo wọn ń sọ.

Àwa èèyàn náà gbé àmì sára. Pélé, àbàjà, gọ̀m̀bọ́, kẹ́kẹ́: ilà ojú ń sọ ìlú àti ìdílé téèyàn ti wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tí wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, ẹni tó bára rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì lè rí ojú ẹlòmíì kó sì mọ̀ pé ará ilé òun nìyí. Ilà yẹn kò nílò dátà, batiri rẹ̀ kì í sì í kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Ibi tí ìtàn yìí ti korò nìyí. Ní ìlú Róòmù, wọ́n tọ́jú irin ọrùn kan sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ti tó bíi 1,600 ọdún. Wọ́n so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára: pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti sá, kí ẹni tó bá rí i mú un, tó bá sì dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀ tó ń jẹ́ Zoninus, á gba owó wúrà kan. Ẹ ò rí i pé bí àmì ọrùn ajá ti òde òní ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn? Orúkọ onílé, ohun tí kí ẹni tó rí i ṣe, àti èrè. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbà pé ọrùn èèyàn ni wọ́n fi í sí. Ẹrú ni.

Ìlú Charleston ní South Carolina, Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ láti nǹkan bíi 1800 títí di ìgbà tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865. Ọ̀gá tó bá fẹ́ yá ẹrú rẹ̀ fún ẹlòmíì láti bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó fún ìjọba ìlú, wọ́n á sì fún un ní bàbà pẹlẹbẹ kan tí ẹrú náà á máa wọ̀. Wọ́n kọ orúkọ ìlú sí i, ọdún, nọ́ńbà, àti iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá apẹja ni tàbí alábàárù. Wọn ò kọ orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́ rárá. Ní tèmi, ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀. Àmì tó mọ onílé, tí kò mọ orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀nà ilé ló ń fi hàn. Ó ń ṣọ́ ẹrù ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ajá. Ọ̀pọ̀ ìjọba ló fi ọ̀rọ̀ owó wọ̀ ọ́. Ní 1867, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá lájá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, wọn ò sì pa òfin náà rẹ́ títí di 1987. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú microchip wọlé. Ó kéré bí hóró ìrẹsì, abẹ́ awọ ni wọ́n ń fi í sí, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì wà nínú rẹ̀. Láti April 2016, ó ti di dandan fún gbogbo ajá ní England, ológbò náà sì tẹ̀ lé e ní June 2024. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Peckham tó lájá, ẹ bi í. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pàtàkì ló ń ka microchip. Ẹni tó rí ajá yín ní bọ́ọ̀sì stọ́ọ̀bù kò ní in lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni QR code ti wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Masahiro Hara ti ilé-iṣẹ́ Denso Wave ní Japan ló darí àwọn tó ṣe é ní 1994. Kò ro ti ajá o. Páàtì mọ́tò ni wọ́n ń kà. Báàkóòdù ìgbà yẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń sikán ọ̀pọ̀ sára páálí kan ṣoṣo, ó sì ti sú wọn. Àpótí mẹ́ta tí ẹ máa ń rí ní igun rẹ̀ ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé "ibí ni kí o wò," bí a bá tiẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n tún ṣe é kó lè ṣeé kà tí apá kan bá tiẹ̀ bàjẹ́. Èyí tó lágbára jù lè fara da ìbàjẹ́ tó tó ìdá 30 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ náà kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lò ó, ìdí nìyẹn tó fi tàn ká ayé, títí kan báńkì, ilé oúnjẹ àti ọrùn Tanímọ̀la.

Ó dáa. Ṣé wọ́n rí Tanímọ̀la? Wọ́n rí i. Àmọ́ kì í ṣe QR code ló wá a rí.

Bàbá mégàdì kan ní ẹsiteeti kan tí kò jìnnà sí wa ló rí i lábẹ́ òjò. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n fún un ní ẹ̀bà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni bàbá ń lò, kò sí kámẹ́rà tó lè sikán nǹkan kan. Nígbà tí mo bi wọ́n nípa irin tó wà lọ́rùn ajá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni."

Ní àárọ̀ Monday, wọ́n fi okùn fà á lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, wọ́n bi í bóyá ó mọ ẹni tó lájá. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti máa ń ra àkàrà, ajá náà sì máa ń bá mi lọ. Bí ìyá ṣe rí i báyìí, ó ké, "Tanímọ̀la!" Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi rán ọmọ kan sí mi.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ra QR code. Èmi gan-an ti bèèrè òmíràn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àmì kò lè mú ajá wálé. Èèyàn tó bá lè kà á ló ń mú un wálé. Fún ìdí èyí, tí ẹ bá fẹ́ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù yín gàdàgbà sí ẹ̀yìn irin náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì péré: "Ẹ pè." Onítọ́ọ̀ṣì máa lè lò ó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá orí ẹ̀rọ tiwọn ni ìsọfúnni ajá yín máa wà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá kógbá sílé. QR code lè gbé nọ́ńbà fóònù sínú ara rẹ̀ gan-an, tí ẹni tó sikán án kò fi ní nílò dátà láti kà á. Ẹ bèèrè irú ìyẹn. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbẹ̀. Tí ẹ bá sì yí síìmù padà, ẹ tètè ṣàtúnṣe.

Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára síbẹ̀ o. Àjọ WHO sọ pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bíi 59,000 èèyàn lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Bàbá mégàdì tó mú ajá tó tutù wọlé lóru kò mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ tàbí kò gbà á. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi wewu nítorí ajá mi. Ó yẹ kí irin ọrùn yẹn lè dá bàbá lóhùn.

Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àdúgbò mọ ajá yín. Ẹ mú un kí ìyá alákàrà, ẹ sì sọ ọ́ ní orúkọ tẹ́nu wọn lè pè. Mo ti pe bàbá ìyá mi, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ká ní Bruno lo sọ ọ́ ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.