Ọ̀nà Òfurufú láàrin Westray àti Papa Westray

Ní Orkney, àwọn erékùṣù tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ Scotland, kìlómítà 2.7 péré ni ó wà láàrin pápákọ̀ òfurufú Westray àti ti Papa Westray. Ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ Loganair bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin wọn. Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n là sílẹ̀ fún ìrìn-àjò náà. Ó ti gba ìṣẹ́jú àáyá 53 rí.

Bí ó tilẹ̀ dà bí ẹ̀fẹ̀ létí àlejò, ọ̀nà yìí ni àwọn olùkọ́, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀. Fún olùkọ́ ìtàn, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gígùn ọ̀nà ni ó ń fi ìwúlò rẹ̀ hàn, bí kò ṣe àwọn ènìyàn tí ó so pọ̀.