Omi Tí Ajá Ọdẹ Ń Mu

Ilẹ̀ tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní Àrán-Ọ̀rin, ní Àrándùn, ní Òmù-Àrán, títí dé Ẹ̀sìẹ́, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ewéko a máa gbẹ, odò kéékèèké a sì máa fà títí yóò fi ku kòtò omi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé. Àsìkò yìí ni àwọn ará oko máa ń sun ìgbẹ́, àsìkò yìí kan náà sì ni ọdẹ máa ń kó ajá jáde, nítorí pé ọ̀yà, ehoro àti ẹtu kò ní koríko tí wọn yóò sá pamọ́ sí mọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí: ìgbà tí omi ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú oko ni iṣẹ́ ajá pọ̀ jù lọ. Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń mú ajá lọ, tí wọ́n sì ń mú un bọ̀ láàyè?

Ìwé tí a ti kọ nípa ọdẹ kò kéré. Láti 1938 tí D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ ẹni tí ọdẹ í ṣe. A ti gba ìjálá sílẹ̀, a ti ka oògùn, a ti ka ìbọn. Ní Ẹ̀sìẹ́, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbon ni ó kọ́kọ́ kan àwọn ère òkúta nínú igbó, àwọn ère tí Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, fi ìròyìn wọn tó ìjọba létí ní 1933, tí a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn náà, kò sí ajá nínú rẹ̀. Ọdẹ wo ni yóò dá nìkan wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ láìsí ajá níwájú? Ajá wà níbẹ̀. Àwa ni a kò kà á.

Síbẹ̀ a ní òwe kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ aláìgbọràn ni a máa ń fi bá wí, bí ẹni pé orí kunkun ni ó sọ ajá nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wà nínú oko ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀ yóò mọ̀ pé ohun tí ojú ọdẹ rí ni òwe náà lè máa sọ. Bí ooru bá mú ajá ju bí ara rẹ̀ ti lè gbà lọ, ọpọlọ rẹ̀ a dàrú. Yóò máa rìn bí ọ̀mùtí. A ó pè é, kò ní yíjú. A ó fun fèrè, kò ní mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Yóò wọ inú koríko lọ láti wá ibòji, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Ó ṣeé ṣe kí n máa tú òwe náà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé àwọn àgbà kò fi ìdí rẹ̀ hàn mí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti fun fèrè fún ajá tí ó gbọ́ràn lánàá, tí kò sì gbọ́ mọ́ lónìí.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀dá ajá. Bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, òógùn yóò bò ó, iyọ̀ sì wà nínú òógùn náà, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kàn án lẹ́nu ti mọ̀. Ajá kò làágùn bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, kò sì tó ohun tí ó lè tu gbogbo ara. Ahọ́n, imú àti ọ̀fun ni ó fi ń lé ooru: yóò ya ẹnu, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, èémí yóò sì máa gbé ọ̀rinrin ibẹ̀ lọ. Omi tí ó ń lọ bẹ́ẹ̀, omi lásán ni. Iyọ̀ dúró sínú ara. Nítorí náà, ajá tí ó bá ti lé ọ̀yà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kò ṣe aláìní iyọ̀ tó bí ó ti ṣe aláìní omi. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a tilẹ̀ máa ki sí i. Ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń gbóná tó nǹkan bí 38 sí 39 ní ìwọ̀n Celsius, ó ju tiwa lọ díẹ̀. Bí ó bá kọjá 41 tí kò sì tètè sọ̀, ìfun, kíndìnrín àti ọpọlọ wà nínú ewu.

Ẹ̀wẹ̀, iyọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi tàfàlà ní ayé àtijọ́. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ní ìgbà Aláàfin Ọbalókun ni iyọ̀ gidi kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá, àti pé obu, iyọ̀ òkúta tí kò dùn lẹ́nu, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Láti etí òkun dé ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọ̀nà jìn, orí ènìyàn ni wọ́n sì fi ń rù ú. Ta ni yóò bu irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú omi ajá?

Ní ayé tiwa ni iyọ̀ pọ̀, tí a sì kọ́ bí a ṣe ń fi í wo aláìsàn. Ní 1971, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn tí ogun lé kúrò ní Bangladesh, dókítà Dilip Mahalanabis fi iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi fún wọn mu ní ibùdó Bangaon ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì là. Ṣúgà ni ó ń bá iyọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìfun, omi á sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ní ìgbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, kò sí abiyamọ tí kò gbọ́ ọ: ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì omi, ṣíbí tíì kan iyọ̀ tí kò kún ju etí lọ, hóró ṣúgà márùn-ún. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ni wọ́n sọ pé kí á fún. Ẹ̀kọ́ náà wọ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń po ó fún ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, tí wọn kò sì wọn iyọ̀ rẹ̀ rárá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ajá, iyọ̀ ń bá omi lọ, ọ̀rọ̀ oníṣègùn ẹranko sì ni. Ṣùgbọ́n ajá tí ó sáré ní tirẹ̀ kò pàdánù iyọ̀ púpọ̀. Bí a bá da iyọ̀ púpọ̀ lé e, yóò bì, òùngbẹ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, gìrì lè mú un, ó sì lè kú.

Kì í ṣe pé iyọ̀ kò wúlò fún ajá oníṣẹ́ níbikíbi. Ní Alaska, níbi tí ajá ti ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, Hinchcliff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1997 pé sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ajá a máa dín bí eré bá gùn. Ibẹ̀ ni ajá ti gbé oògùn lọ sí Nome ní 1925. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Togo, kì í sì í ṣe aládùúgbò wa ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀gágun ojú omi Japan kan ni. Òtútù ni ti ibẹ̀, oúnjẹ tí ajá wọn ń jẹ lóòjọ́ sì pọ̀ ju ohun tí ajá wa ń rí lọ. Èyí tí ó sún mọ́ tiwa ni ti Texas, ní ibodè Amẹ́ríkà àti Mexico, tí Cynthia Otto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 ó lé ogún ọdún, èyí ni 2017. Wọ́n fún àwọn ajá tí ń fi imú wá nǹkan nínú ooru ní omi lásán. Ní ìgbà mìíràn wọ́n fa omi sí wọn lábẹ́ awọ. Ní ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọ́n fún wọn ní omi elérojà iyọ̀ tí ó ní adùn adìẹ. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbé wọn ró. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ní adùn adìẹ ni wọ́n mu púpọ̀ jù.

Nígbà tí mo ka èyí, ọkàn mi lọ sí omi tí a fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń dà sínú àwo ajá ní ẹ̀yìnkùlé. Mo sì rántí ìpín ajá nínú oko. Ibi tí ọdẹ bá ti tú ẹran ni ajá ti ń jẹ ìfun tí ó sì ń lá ẹ̀jẹ̀. A máa ń pè é ní owó iṣẹ́ ajá, ṣùgbọ́n omi wà nínú rẹ̀, iyọ̀ náà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n tí ara ẹranko fúnra rẹ̀ ti wọ̀n. Ohun tí wọ́n ń rà nínú àpò ní òkè òkun, orí ewé ni ajá wa ti ń lá a. Akèrègbè ọdẹ ni ti omi lásán, àti ìdajì igbá tí ajá yóò ti mu ún. Ìdájí ni ọdẹ sì ń jáde, kí oòrùn tó gòkè. (Àjọṣe yìí ní ìkorò tirẹ̀, nítorí pé Ògún tí ọdẹ ń bọ, ajá ni ẹran rẹ̀.)

Iná orí, tí ọdẹ fi ń dẹ òru, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ajá, ìmọ̀ yìí sì ń bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan, ìlú ti tún ń ké sí ọdẹ ní Kwara láti ṣọ́ igbó nítorí àwọn ajínigbé. Ẹni tí ó bá mú ajá lọ sí irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun yóò padà kí oòrùn tó mú. Kí ó gbé omi tí ó tó ti ajá pẹ̀lú tirẹ̀, kí ó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, kó má ṣe dúró di ìgbà tí yóò dá ahọ́n sílẹ̀ gbọọrọ. Bí ajá bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀mùtí, kí ó gbé e sí ibòji lójú ẹsẹ̀, kí ó da omi sí i ní ikùn àti abẹ́ itan, kí ó máa fẹ́ ẹ. Kí ó má sì fi agbára da omi sí i lọ́fun.