Ẹ Má Tíì Ju Gìtá Yẹn Nù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti padà dé Olódò, ṣé ẹ yọjú sí yàrá ìkẹ́rù ilé-ìwé wa? Gìtá tí a fi ń kọrin lálẹ́ Sátidé ṣì wà níbẹ̀. Àyà rẹ̀ ti là, okùn méjì péré ló kù lórí rẹ̀, bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè sì ti sọnù. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó o dànù pẹ̀lú àwọn àga tó ti kán, kí ìpàdé wa tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Pláíwúùdù ni wọ́n fi ṣe gìtá yẹn, inú rẹ̀ sì ṣófo bí akèrègbè. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Nígbà tí Gibson gbé gìtá oníná tí wọ́n ń pè ní ES-150 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1936, nǹkan bí dọ́là 150 ni òun àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Mélòó ló lè rà á? Harmony àti Kay ní Chicago ló wá ń ṣe ti mẹ̀kúnnù.

Nílé wa ńkọ́? Láyé Túndé King ní àwọn ọdún 1930, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló ń ṣe jùjú: báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú fúnra rẹ̀. Bí ìlù bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ okùn mọ́. Àfi ìgbà tí Àyìndé Bákárè, ọmọ Èkó tó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún HMV láti 1937, gbé báńjò kékeré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1949, tó mú gìtá alápòótí, tó sì lẹ máìkì mọ́ ọn lára. Máìkì àlẹ̀mọ́ lásán o! Kò dúró de Gibson kankan. Nígbà tí iná wọ gìtá báyìí, àyè gba gángan, àyè gba àkúbà. Nígbà tí I.K. Dáíró fi máa dá Morning Star sílẹ̀ ní 1957, olórin mẹ́wàá ni wọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún yín, irú gìtá bẹ́ẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ sípíkà jù, ohùn tó ń jáde níbẹ̀ á padà sínú ikùn rẹ̀, á máa mi àyà rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ṣé ẹ rántí alẹ́ ìdágbére wa? Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín rò pé màálù là ń pa! Àkísà la kì bọ inú rẹ̀ kó tó dákẹ́, ó sì dákẹ́ lóòótọ́.

Mo ti bá káfíńtà kan sọ̀rọ̀, ó ní àyà tó là yẹn ṣeé lẹ̀. Okùn tuntun ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ó wá ku bọ́tìnì. Ẹni tó yọ ọ́ fi ṣe ọmọ ayò nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin mọ ara rẹ̀. Kó jọ̀ọ́, kó mú un bọ̀.