Rozafa: Odi tí Omi Ń Ṣọ́

Òkè tí odi Rozafa wà lórí rẹ̀ ní Shkodër, ìlú kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Albáníà, kò ga tó bí àlejò ṣe ń rò. Nǹkan bí mítà 130 ni ó fi ga ju ojú òkun lọ, ẹni tí orúnkún kò bá dùn yóò sì gùn ún dókè láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún ni òkúta ojú ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ èrò ti fọ̀ ọ́ dán, ó sì ń yọ̀ bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Lókè téńté, ojú á là. Adágún Shkodër tẹ́ lọ salalu títí wọ ilẹ̀ Montenegro. Odò Buna ń ti inú rẹ̀ jáde lọ sí òkun Adriatic. Odò Drin àti odò Kir náà kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè.

Ìtàn obìnrin kan ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá wá síbẹ̀. Ìtàn náà dùn, kò sì ṣeé gbójú fò. Ṣùgbọ́n àwọn omi wọ̀nyí gan-an ló lè sọ ìdí tí gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ ogun fi ń fẹ́ òkè yìí.

Wọ́n ní ọmọ ìyá mẹ́ta, tí wọ́n jẹ́ bírìkìlà, ló ń mọ odi náà. Èyí tí wọ́n bá mọ lọ́sàn-án, òru á wó o palẹ̀. Baba arúgbó kan wá sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n mọ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wọn mọ́ ògiri, ìyẹn èyí tó bá gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ìyàwó rẹ̀ lólobó. Ẹ̀gbọ́n méjèèjì délé, wọ́n tú u fọ́. Àbúrò pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwáwí ni ìyàwó àgbà àti ìkejì ṣe, ni Rozafa, ìyàwó kékeré tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, bá gbé agbọ̀n oúnjẹ. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń dúró dè é, kò sá. Ó ní kí wọ́n fi ojú ọ̀tún, ọmú ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún òun síta, kí òun lè máa wo ọmọ òun, kí òun fún un lọ́mú, kí òun fọwọ́ rẹ̀ ẹ́, kí òun sì fẹsẹ̀ mi ibùsùn rẹ̀. Omi kan a máa ṣẹ́ lára ògiri náà, òkúta ẹfun ló sọ ọ́ di funfun. Omi ọmú Rozafa ni àwọn ará ìlú ń pè é.

Ìtàn yìí kò mọ ààlà. Vuk Karadžić, tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, kọ orin ti àwọn ará Sẹ́bíà sílẹ̀ láyé Jacob Grimm, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, orin náà sì wú Grimm lórí débi pé ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì. Nínú tiwọn, àwọn ọmọ ìdílé Mrnjavčević ló ń mọ odi. Àwọn ará Gíríìsì so irú rẹ̀ mọ́ afárá Arta. Ní 1996, Alan Dundes, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Amẹ́ríkà, ṣa àwọn àròkọ àwọn onímọ̀ lórí rẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá orúkọ ẹni tó kọ́ Rozafa nínú ìtàn yìí, ibi tí kò sí ló ń wá a sí. Ohun tí ìtàn náà mọ̀ dunjú ni ẹni tí wọ́n ń di ẹrù ilé rù.

Ẹlẹ́rìí àtijọ́ tó ṣeé gbára lé ni Livy, òpìtàn ará Róòmù. Ó kọ ọ́ pé Scodra, bí ìlú náà ṣe ń jẹ́ nígbà náà, ni ibi tó le jù lọ nílẹ̀ àwọn Labeates, àti pé odò méjì ló há a mọ́ àárín: Clausal níhà ìlà-oòrùn, Barbanna tó ń ti inú adágún jáde níhà ìwọ̀-oòrùn. Barbanna yìí ni Buna òde òní. Gentius, ọba Illyria, fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Lucius Anicius, ọ̀gágun Róòmù, sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 168 ṣáájú ìbí Kristi, nínú ogun tí kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Livy kò fi bò pé ká ní àwọn ará ibẹ̀ dúró lórí ògiri wọn ni, apá Róòmù kì bá ti ká wọn. Níṣe ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n jáde lọ jà ní gbangba.

Kí àlejò má sì rò pé omi tí Livy kọ nípa rẹ̀ gan-an lòun ń wò. Gúúsù, lẹ́bàá ìlú Lezhë, ni Drin ń gbà wọ òkun tẹ́lẹ̀. Ìkún-omi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1858 ló já ọ̀nà tuntun fún un, tó fi ya wọ Buna nítòsí òkè náà.

Ọwọ́ àwọn ará Venice hàn púpọ̀ lára ògiri tó kù lónìí. Ní 1396 ni Đurađ Balšić Kejì, tó ń ṣàkóso ìlú náà nígbà náà, fi í lé wọn lọ́wọ́. Ní 1474, ọmọ ogun Ọ̀tómánì wá sàga tì í, ṣùgbọ́n Antonio Loredan, olórí àwọn ọmọ ogun Venice níbẹ̀, kò túúbá, wọ́n sì padà. Òùngbẹ jẹ àwọn tó wà nínú odi níyà. Wọ́n ń wo adágún àti odò lókèèrè, wọn kò sì lè bù ú mu. Ihò ńlá tí wọ́n gbẹ́ láti fi tọ́jú omi òjò ṣì wà nínú àgbàlá, àlejò kì í sì í sábà dúró tì í. Ibi tó yẹ kó dúró sí jù lọ nìyẹn.

Ní 1478, Sultan Mehmed Kejì, olórí ilẹ̀ Ọ̀tómánì, wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbọn àgbá tó ń ju òkúta ràgàjì. Odi kò ṣubú sógun. Marin Barleti, àlùfáà ọmọ Shkodër tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kọ ìwé lórí rẹ̀ lédè Látìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Venice ní 1504. Ìwé àdéhùn ló gba Shkodër níkẹyìn: ní January 1479, Venice fi í sílẹ̀ fún Ọ̀tómánì kí àlàáfíà lè wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbèjà rẹ̀ sì kó lọ sí ilẹ̀ Venice. Ṣọ́ọ̀ṣì Stephen Mímọ́ tó wà nínú odi di mọ́sálásí, ògiri rẹ̀ àti kùkùté ilé ìpèrun rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní, láìsí òrùlé.

Lẹ́sẹ̀ òkè ni Mọ́sálásí Òjé wà, èyí tí Mehmed Bushati, páṣà Shkodër lábẹ́ Ọ̀tómánì, kọ́ ní 1773, nígbà tí ọjà Shkodër ṣì ń ná nítòsí ibẹ̀. Ìkún-omi wà lára ohun tó lé ọjà náà kúrò. Títí di òní, bí òjò bá pọ̀, Drin a máa dí Buna lọ́nà, omi adágún á sì wú. Ní 2010, ìgbà méjì ni omi bo oko àti ilé ní agbègbè náà, ní oṣù kìíní àti oṣù kejìlá.