Òdiwọ̀n ìgbàwọlé yunifásítì àti ìdíje láti wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n ń pè ní sorority ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà èdè Gíríìkì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹgbẹ́ náà ló ń yan ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, máàkì sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Nítorí náà, bí yunifásítì bá gbé òdiwọ̀n ìgbàwọlé rẹ̀ sókè, ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà díje láti wọ ẹgbẹ́ náà máa ń yí padà.

Ìtàn

Kappa Alpha Theta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1870 ní ìpínlẹ̀ Indiana, wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú ẹgbẹ́ yìí. Ní ọdún 1882 ni olùkọ́ èdè Látìn kan ní Yunifásítì Syracuse fún ẹgbẹ́ Gamma Phi Beta ní orúkọ sorority. Àjọ tó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀, National Panhellenic Conference, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1902. Àwọn obìnrin adúláwọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard: Alpha Kappa Alpha ní ọdún 1908, Delta Sigma Theta ní ọdún 1913, àti Zeta Phi Beta ní ọdún 1920. Zeta Phi Beta ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè Liberia láti ọdún 1948.

Bí máàkì ṣe ń nípa lórí ìdíje

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ń fi máàkì tó kéré jù lọ tí yóò gbà lélẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, máàkì ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò. Bí yunifásítì bá ti ṣa àwọn tó mọ̀wé jù fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó wọlé ló ní máàkì gíga, máàkì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ya ẹnì kan sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀ka kan lè gbé òdiwọ̀n tiwọn náà sókè. Àwọn mìíràn a tẹjú mọ́ ìwà, iṣẹ́ ìlú, ìwé ìjẹ́rìí, tàbí bí ìyá ọmọ náà bá ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rí.

Síbẹ̀, iye ọmọ tuntun tí ẹ̀ka kan lè gbà máa ń tẹ̀ lé iye obìnrin tó jáde wá. Ibi tí ìdíje ti le jù ni àwọn ẹ̀ka díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́.

Àpẹẹrẹ

Ní ọdún 1993, ìpínlẹ̀ Georgia bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ HOPE, tí owó rẹ̀ ń ti inú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìjọba wá, fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà tó ní máàkì B. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé tí ì bá lọ sí ibòmíràn dúró sílé, ìgbàwọlé sí Yunifásítì Georgia sì le sí i.

Máàkì nìkan kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Alabama fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ nínú wọn kọ ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan tí máàkì rẹ̀ ga gan-an. Yunifásítì náà pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìlẹ̀kùn ṣí, wọ́n sì gba àwọn obìnrin adúláwọ̀ wọlé.

Ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni ìdíje ti ń mú jù. Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978, ìdánwò àwọn yunifásítì fúnra wọn sì dé ní ọdún 2005. Ọmọbìnrin láti Warehouse Road ní Àpápá tàbí láti Ajégúnlẹ̀ tó fẹ́ wọ Yunifásítì Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ó kéré tán 200 nínú 400 nínú ìdánwò JAMB, kó tó lè ṣe ti yunifásítì náà.

Ẹgbẹ́ Pyrates, tí Wole Soyinka àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1952, jẹ́ ti ọkùnrin. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn gbilẹ̀, ìjọba sì fi òfin 47 ti ọdún 1989 dè wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń fura sí ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó bá ń ṣa ènìyàn ní kọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ti ìjọsìn, tí kì í béèrè máàkì, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń wọ̀.